Atọ́ka àti Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Nílẹ̀ Japan: Ìwé Ni, Eré Ni, àbí Sinimá?

Atọ́ka ni ìwé ìròyìn tó fi fọ́tò sọ ìtàn fún àwọn àgbà tó ń ka Yorùbá. Ọdún 1967 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ọwọ́ West African Book Publishers ní Èkó, Ṣẹ́gun Ṣófowótẹ̀ sì ni olóòtú tó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri ti ń gbé eré wọn jáde lápá kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀, àwọn onímọ̀ eré orí ìtàgé àti àwọn tó ń ṣèwádìí lórí sinimá ló ti yẹ̀ ẹ́ wò, kálukú ló sì ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ń lọ nílẹ̀ Japan lórí ohun tí wọ́n ń pè ní visual novel: ìtàn gígùn tí ènìyàn ń kà lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù pẹ̀lú àwòrán, orin àti ohùn. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ló sábà máa ń ṣe é, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ ti ẹni tó ti pé ọdún méjìdínlógún.

Àkúrẹ́ àti Oǹdó dára láti dúró wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú méjèèjì wà lójú ọ̀nà àwọn òṣèré alárìnkiri, wọ́n sì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Òkè-Igbó, ìlú D. O. Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Yorùbá, kò jìnnà sí Oǹdó. Pabanbarì rẹ̀ ni pé Yorùbá tí wọ́n ń sọ nínú ilé níbẹ̀ kì í ṣe Yorùbá inú ìwé, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì tún jẹ yọ níwájú.

Bí ojú ìwé náà ṣe rí

Ẹni tó bá ṣí Atọ́ka yóò bá fọ́tò dúdú-àti-funfun mélòó kan lójú ìwé, tí wọ́n tò láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré wà lára fọ́tò náà. Níbi tí ìtàn bá ti fo ọjọ́ mélòó kan, tàbí tó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, gbólóhùn kúkúrú kan á sọ bẹ́ẹ̀. Irú ìtò tó máa ń wà níbẹ̀ nìyí: ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka sí ọkọ, nínú fọ́tò tó tẹ̀ lé e, ọkọ ti kọ ẹ̀yìn sí i, nínú ẹ̀kẹta, aládùúgbò tí kò yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ti yọjú ní fèrèsé. Ìrìn, igbe, orin àti ìlù tó wà láàrin fọ́tò kan sí èkejì, òǹkàwé ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ gbé wọn síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ náà ló mọ ìgbà tó máa ṣí ojú ewé kejì.

Visual novel ti Japan yàtọ̀ ní ìrísí, àmọ́ egungun ẹ̀yìn kan náà ló gbé méjèèjì dúró. Àwòrán yàrá tàbí òpópónà wà lẹ́yìn, ẹ̀dá ìtàn kan dúró níwájú rẹ̀, àpótí ọ̀rọ̀ sì wà nísàlẹ̀. Òǹkàwé á tẹ bọ́tìnnì, gbólóhùn kan á jáde. Á tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín ojú ẹ̀dá ìtàn náà á di omijé. Ìgbà mìíràn wà tí ìtàn á dúró, tí yóò ní kí òǹkàwé mú ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ Chunsoft la ọ̀nà yìí pẹ̀lú Otogirisō ní 1992. Ilé iṣẹ́ Leaf ló mú kí orúkọ visual novel gbilẹ̀, láti orí Shizuku tó jáde ní 1996. Ti Type-Moon fi hàn bí ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe lè kéré tó: Kinoko Nasu ń kọ ìtàn, Takashi Takeuchi ń ya àwòrán, àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ ń ṣe ìyókù, wọ́n sì gbé Tsukihime lọ tà níbi àpéjọ Comiket ní Tókíò ní oṣù Kejìlá ọdún 2000.

Èrò kìíní: eré ìtàgé tí a fi pa mọ́ ni

Lójú àwọn tó di èrò yìí mú, eré ló kọ́kọ́ wà, ìwé kàn gbà á sílẹ̀ kó má baà ṣègbé ni. Láti àárín àwọn ọdún 1940 tí Hubert Ògúndé ti sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́, ẹgbẹ́ bí i ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀, Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá ti ń tọ ìlú dé ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú eré wọn ni kò sí nínú ìwé kankan. Ọ̀gá ẹgbẹ́ á la ìtàn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kálukú á sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ lórí ìtàgé. Ohun tí wọ́n sọ ní Oǹdó lálẹ́ òní lè má jọ ohun tí wọ́n máa sọ ní Àkúrẹ́ lálẹ́ ọ̀la. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọkọ̀ ẹgbẹ́ á gbéra, eré náà á sì bá wọn lọ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, Atọ́ka ṣe iyebíye. Ojú àwọn òṣèré, aṣọ wọn, bí wọ́n ṣe ń dúró, bí alágbàfọ̀ ṣe ń jókòó yàtọ̀ sí bí olóyè ṣe ń jókòó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn eré kan wà tó jẹ́ pé fọ́tò Atọ́ka nìkan ló ṣẹ́ kù lára wọn. Ìwé náà sì tún ń polówó ẹgbẹ́: ẹni tó ti rí ojú Bàbá Sàlá nínú fọ́tò lóṣù tó kọjá á fẹ́ sanwó wọ gbọ̀ngàn láti rí i lójúkojú.

Ohun tí èrò yìí kò lè ṣàlàyé kì í ṣe kékeré. Eré Ògúnmọ́lá àti ti Ládípọ̀ kún fún orin, bàtá àti dùndún, fọ́tò kò sì lè mú ọ̀kankan nínú rẹ̀. Eré tó gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìtàgé ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ kó lè jáde lápá-lápá, ibi tí apá kan bá sì ti parí gbọ́dọ̀ mú òǹkàwé fẹ́ ra apá tó ń bọ̀. Olóòtú àti ayàwòrán ló pinnu ìṣẹ́jú wo ló yẹ ní fífi pa mọ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàn ń kọ nǹkan sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń tún ìtàn hun ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi Atọ́ka kọ́ nípa eré ìtàgé gbọ́dọ̀ rántí pé eré tó wà nínú rẹ̀ ti gba ọwọ́ mìíràn kọjá.

Èrò kejì: ìwé kíkà ni

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 ni àwọn alátìlẹ́yìn èrò yìí fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún yẹn ti di ẹni ọdún méjìdínlógún nígbà tí Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lọ ju ìwé mẹ́fà lọ: wọ́n mọ Yorùbá í kà, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ tàbí wọ́n ń ṣòwò, wọ́n sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ìjọba àti ìjọ ń tẹ̀ fún wọn ló jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àti ti ìsìn. Atọ́ka bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ogún, orogún, àgàn, owó tí a kò mọ orísun rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀. Ọjà ìtàn àgbà ti wà tipẹ́tipẹ́ nílẹ̀ Yorùbá: I. B. Thomas ti ta Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá, ìtàn obìnrin tó fi ara rẹ̀ ṣòwò, lápá-lápá nínú Akéde Èkó láàrin 1929 sí 1930.

Ọ̀rọ̀ èdè tún fún èrò yìí lágbára. Yorùbá tí Atọ́ka fi ń kọ̀wé sún mọ́ ti Ọ̀yọ́, èyí tí Bíbélì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ rédíò ti sọ di ti gbogbo ènìyàn. Ará Oǹdó ń sọ Oǹdó nílé, ará Àkúrẹ́ ń sọ Àkúrẹ́, àwọn èdè wọ̀nyí sì yàtọ̀ sí ti inú ìwé ní ohùn, ní ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ àti ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Bí àgbà Oǹdó bá ń ka Atọ́ka, èdè tí ilé ẹ̀kọ́ fi lé e lọ́wọ́ ló ń lò, fọ́tò sì ń ràn án lọ́wọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣàjèjì. Láàrin ìgbà tí ìwé náà fi ń jáde, àkọtọ́ Yorùbá pàápàá yí padà, nígbà tí ìjọba tẹ́wọ́ gba àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ìwé tí ènìyàn ń rà fún ìgbádùn ni irú àyípadà bẹ́ẹ̀ fi ń wọ ara rẹ̀ láìsí olùkọ́ lórí.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè sọ fọ́tò di ìdẹ lásán fún ẹni tí kò mọ̀wé tó. Nínú ìwé Fágúnwà, àwòrán ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀; bí a bá yọ wọ́n kúrò, ìtàn ò yẹsẹ̀. Bí a bá yọ fọ́tò kúrò nínú Atọ́ka, ìtàn náà wó. Síbẹ̀, nínú gbogbo èrò tó wà nílẹ̀, èyí ló sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí òun nìkan ló ka ọwọ́ òǹkàwé sí: ọwọ́ tó lè dúró, tó lè padà sẹ́yìn, tó sì lè fi ojú ewé kan sílẹ̀ kí ẹni tó jókòó tì í náà lè wò ó. Lórí visual novel náà, òun ló lágbára jù. Iṣẹ́ Nasu gùn débi pé ẹni tó bá parí Fate/stay night, tó jáde ní 2004, ti ka ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn àròsọ lọ.

Èrò kẹta: sinimá orí bébà ni

Èyí kò gba àlàyé gígùn. Ayàwòrán Atọ́ka ń sún mọ́ ojú òṣèré, ó ń sún sẹ́yìn, ó ń gba ẹ̀yìn ẹnì kan wo ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí oníkámẹ́rà sinimá. Àwọn òṣèré tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú kámẹ́rà báyìí wà lára àwọn tó wọ sinimá lẹ́yìn náà: Aiyé Ògúndé jáde ní 1979, Ọ̀run Móoru Bàbá Sàlá sì jáde ní 1982. Nígbà tí fídíò Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní 1988, Atọ́ka ò pẹ́ kó tó wọlẹ̀. Àwọn kan sì ń sọ pé fídíò ló pa á.

Ìdáhùn tó yá jù ni èyí, kò sì tó. Tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Ìbàdàn láti 1959, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Atọ́ka, kò sì ní kó má gbèrú. Eré Jímọ̀ Àlíù, ọmọ Òkèmẹsí tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó títí di 1996, gba gbogbo ojú orí tẹlifíṣọ̀n nínú àwọn ọdún 1980 pẹ̀lú Àrélù, ìwé náà sì ń jáde lọ. Ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti 1986 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà já wálẹ̀, bébà, yíǹkì àti fíìmù kámẹ́rà tó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n gógó. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀wọ́n bébà àti fídíò jọ pawọ́ pọ̀ dá ìwé náà dúró.

Èrò kẹrin: ọjà òkèèrè tó wọ aṣọ ilé ni

Ìtálì ti ń ta ìtàn onífọ́tò láti 1947. Nínú àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Drum ń ta African Film, níbi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lance Spearman ti ń lé ọ̀daràn pẹ̀lú fìlà àti sìgá, ó sì ń tà gan-an ní Nàìjíríà, ní Gánà àti ní Kẹ́ńyà. Ó dájú pé ìlànà ìtò fọ́tò ti òkèèrè wá. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Spearman ń sọ, ńṣe ni wọ́n sì kọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti dúró fún fọ́tò. Ìtàn inú Atọ́ka ti ní ẹgbẹ́ tó ni ín àti àwọn òǹwòran tó ti rẹ́rìn-ín sí i kó tó dé iwájú kámẹ́rà. Èrò yìí mọ ibi tí ìlànà ti wá, kò mọ ibi tí ìtàn ti wá.

Èrò karùn-ún: géèmù ni

Visual novel nìkan ni èyí kàn. Àwọn tó ń pè é ní géèmù ń tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á, àti pé CERO, àjọ tó ń fi ọjọ́ orí sí géèmù ní Japan láti 2002, ló ń yẹ àwọn tó bá lọ sórí ẹ̀rọ bí i PlayStation wò. Wọ́n ń tọ́ka sí yíyàn tí òǹkàwé ń yàn pẹ̀lú. Àwọn alátakò ní Higurashi lọ́wọ́: iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kékeré 07th Expansion bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí kò ní yíyàn kankan nínú, tí kò sì sẹ́ni tó sọ pé kì í ṣe visual novel.

Fún ọmọ Yorùbá, ìtàn tí olùgbọ́ ń bá yàn kì í ṣe tuntun. Nídìí Ifá, babaláwo á ki ẹsẹ̀ púpọ̀ lórí odù tó bá jáde, ẹni tó wá dífá náà ló sì mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pe ìyẹn ní ayò. Yíyàn nìkan kò tó láti sọ ìtàn di géèmù, ó kan fi hàn pé olùgbọ́ ní ipa nínú rẹ̀ ni.

Ti àgbà ńkọ́?

Ibi tí ìjà ti le jù nìyí, nítorí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ ìtàn àgbà. Ti Atọ́ka jẹ́ ti àgbà nítorí ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Japan jẹ́ ti àgbà nítorí ohun tó ń fi hàn.

Òfin Japan ti 1907, ní abala rẹ̀ 175, fòfin de títa ohun tó bá rú ìwà ọmọlúàbí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bo ojú ara nínú àwòrán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ géèmù kan tí ọmọ ilé ìwé jí di ariwo ní 1991, àwọn ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn dá ẹgbẹ́ Sofurin sílẹ̀ ní 1992, wọ́n sì ń lẹ àmì ọjọ́ orí mọ́ ọjà. Nínú àwọn iṣẹ́ tó lókìkí, ọ̀pọ̀ ló ti tún jáde láìsí ìbálòpọ̀ nínú: Kanon ti ilé iṣẹ́ Key, tó jáde ní 1999, ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, Fate/stay night ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007. Clannad, tí Key kan náà gbé jáde ní 2004, kò ní in rárá. Àwọn kan rí èyí bí ẹ̀rí pé ọ̀nà àtità ni ìbálòpọ̀ náà jẹ́. Àwọn mìíràn ní ilé iṣẹ́ kékeré kì bá tí rówó ṣe ìtàn gígùn bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ọjà yẹn, àti pé àwọn ìtàn kan wà tí ìbálòpọ̀ náà kò ṣeé yọ kúrò nínú wọn. Ohùn méjèèjì ní òtítọ́ nínú.

Ó wà lára àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí tí a kò lè gbèjà rẹ̀: àwọn tó ń fi ẹni tó rí bí ọmọdé sínú ìbálòpọ̀. Nígbà tí Japan sọ níní àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé lọ́wọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní 2014, òfin náà kò mú ti àfọwọ́yà, àwọn ènìyàn káàkiri ayé sì ń bá Japan jà lórí rẹ̀. Wíwí pé àfọwọ́yà ni, pé kò pa ọmọ èèyàn kankan lára, kò yí ohun tí ojú rí padà. Ní Nàìjíríà, òfin 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì dẹ́kun àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé.

Lórí ti àgbà pẹ̀lú àgbà, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń dábàá. Àwọn kan fẹ́ kí ìjọba fòfin dè é pátápátá. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó lè gbá irú ìtàn Ṣẹ̀gilọlá mọ́ ọn lọ. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ orí sí i, bí àjọ tó ń yẹ sinimá àti fídíò wò ní Nàìjíríà, èyí tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ti ń ṣe. Àmọ́ ìtàn tó wà lórí fóònù kì í ṣe sinimá, kì í ṣe ìwé, kò sì tíì hàn kedere ta ló ni ín nínú òfin wa. Àwọn yòókù fẹ́ fi í sílẹ̀ fún òbí àti òǹtajà. Àwọn àgbà Oǹdó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún nìkan: Ọbítun, tí wọ́n fi ń sin ọmọbìnrin bọ́ sípò àgbà pẹ̀lú iyùn àti ijó, jẹ́ ìgbésẹ̀ tí gbogbo ìlú rí. Íntánẹ́ẹ̀tì kò ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì fúngun mọ́ Steam àti itch.io, àwọn ìkànnì tó ń ta géèmù, láti mú iṣẹ́ àgbà kan kúrò nílẹ̀. Bí ẹni tí a kò dìbò fún ṣe ń pinnu ohun tí àgbà lè kà nìyẹn, bóyá ìpinnu náà dára tàbí kò dára.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

Ẹni tó ni ìtàn inú Atọ́ka kò tíì yé wa. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ló dá a, òṣèré ló ṣe é, ayàwòrán ló yà á, ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 fún fọ́tò ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tó ti jáde, ó sì fún ìtàn ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó dá a. Lójú ewé kan ṣoṣo tó jáde ní 1970, fọ́tò lè ti di ti gbogbo ayé, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí òṣèré. Ẹni tó bá fẹ́ tún un tẹ̀ tàbí gbé e sórí fóònù gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa bẹ̀.

Bóyá irú ilé iṣẹ́ kékeré ti Japan lè rí ẹsẹ̀ dúró ní Àkúrẹ́ náà kò tíì hàn. Ren'Py, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe visual novel láti 2004, wà fún akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, bó ṣe wà fún ẹlòmíràn, kò sì gba owó bébà. Ohun tó ṣòro ni òǹrajà: Atọ́ka rí àwọn tó mọ Yorùbá kà ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó sì rọrùn fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí fóònù lónìí láti ka Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá alámì ohùn lọ. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ bóyá fífi ohùn òṣèré sí i, kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ìwé ṣùgbọ́n kí ẹnu jẹ́ ti Oǹdó tàbí ti Àkúrẹ́, yóò mú wọn padà wá kà á, tàbí yóò kàn sọ wọ́n di olùgbọ́ tí kì í wo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ mọ́.